Báwo ni a ṣe ń ka báyọ́lọ́jì ní yunifásítì? Ìdáhùn fún akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní kan

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá mi. Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ni mí, mo ń ka báyọ́lọ́jì ní yunifásítì kan ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú níbí, ọdún kìíní ni mo wà. A ni mo gbà nínú báyọ́lọ́jì nígbà tí mo ṣe WAEC, mo sì rò pé mo ti mọ̀ ọ́n tán. Nígbà tí a ṣe tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́, 13 nínú 40 ni mo gbà. Olùkọ́ wa tún fi bírò pupa kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán práktíkà mi pé: “O kò wo ohun tí o yà.” Bẹ́ẹ̀ mo ń ka handout mọ́jú ni, mo ti há a sórí. Àwa méjìlá la máa ń yí máíkírósíkóòpù kan ká. Ẹ jọ̀wọ́ sà, báwo ni wọ́n ṣe ń ka nǹkan yìí? Àbí kí n kúkú yí kọ́ọ̀sì padà?

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Má tíì yí kọ́ọ̀sì kankan padà. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún kìíní ní báyọ́lọ́jì, irú lẹ́tà rẹ yìí sì kì í wọ́n lọ́dọ̀ mi lẹ́yìn tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́. Gbólóhùn bírò pupa yẹn ni kí a dì mú, torí pé inú rẹ̀ ni 27 tó sọnù wà.

Mo fẹ́ sọ ohun tí ojú mi máa ń rí ní láàbù. A ó ní kí àwọn ọmọ bó awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà láàárín ìpele àlùbọ́sà, kí wọ́n tẹ́ ẹ sórí síláìdì, kí wọ́n kán áyódìn sí i, kí wọ́n fi gíláàsì kékeré bò ó, kí wọ́n sì ya ohun tí wọ́n bá rí. Nígbà tí mo bá gba ìwé wọn, ohun tí ìdajì kíláàsì máa ń yà ni sẹ́ẹ̀lì inú ìwé: ó rí róbótó, nucleus (ọ̀gá tó ń darí sẹ́ẹ̀lì) wà láàárín, mitochondria (ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń rí agbára) yí i ká. Sẹ́ẹ̀lì àlùbọ́sà kì í rí róbótó. Ṣe ló tò bíi búlọ́ọ̀kù tí bíríkìlà mọ, ọ̀kan lé ọ̀kan, nucleus rẹ̀ sì máa ń fara ti ẹ̀gbẹ́ kan. Ti mitochondria, àlùbọ́sà ní in lóòótọ́, ṣùgbọ́n pẹ̀lú áyódìn àti irú awò tí à ń lò fún ọdún kìíní, ojú kankan kò lè rí i níbẹ̀. Ẹni tó bá yà á, orí rẹ̀ ló ti mú un wá.

Ọmọbìnrin kan wà tó ya òbìrí ńlá mẹ́ta, etí wọn dúdú, wọ́n nípọn, ó sì kọ “nucleus” sí gbogbo wọn lára. Mo bá a wo síláìdì rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló há sábẹ́ gíláàsì. Mo ní kó tún un ṣe, kó fi etí kan gíláàsì náà kan omi kọ́kọ́, kó wá rọra dà á délẹ̀ bí ẹni ń pa ìwé dé. Òbìrí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pòórá. Ó gbójú sókè, ó ní, “Ẹ wò ó sà, ó ti jáde!” Láti ọjọ́ náà, kò tún bi mí pé báwo ni a ṣe ń ka báyọ́lọ́jì.

Ẹ̀yin méjìlá sí awò kan, ó dùn mí gan-an, kò sì yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ nìyí. Tètè dé, kí o wà lára àwọn tí yóò kọ́kọ́ fojú kàn án. Lẹ́ńsì ×4 ni kí o fi bẹ̀rẹ̀ nígbà gbogbo, kí o wá ibi tí nǹkan wà, kó tó kan ×10, kó tó kan ×40. Lẹ́ńsì òkè tí ojú ń wò jẹ́ ×10, torí náà bí o bá wà lórí ×40, nǹkan náà ti tóbi ní ìlọ́po 400. Tí o bá ti dé ×40, má fọwọ́ kan bọ́tìnì ńlá mọ́, kékeré ni kí o máa yí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ lẹ́ńsì yóò fọ́ síláìdì mọ́ ọ lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni kí o ti yà á, má gbé e délé. Pẹ́ńsù tó mú, ìlà kan tí kò já, kò sí pípa á láró. Rúlà ni kí o fi fa ìlà orúkọ, kí ìkan má ṣe kọjá lórí èkejì. Tí àyè kò bá gbà ọ́, lọ bá ẹni tó ń tọ́jú láàbù lẹ́yìn kíláàsì, kí o bẹ̀ ẹ́ pé kó fún ọ ní ìṣẹ́jú ogún. Ọ̀pọ̀ wọn ni inú wọn máa ń dùn pé ẹnì kan bèèrè.

Ohun tí o gbàgbé ni pé inú láàbù ni wọ́n bí ọ sí. Bọ́ sí ọjà nílé, ra obì gbànja kan àti obì àbàtà kan. Pa wọ́n. Gbànja yóò là sí awẹ́ méjì. Àbàtà yóò là sí mẹ́rin, nígbà mìíràn mẹ́ta, nígbà mìíràn márùn-ún. Ohun tí àwa ń pè ní awẹ́ yìí ni ìwé rẹ ń pè ní cotyledon. Handout sọ fún ọ pé dicotyledon ni igi tí hóró èso rẹ̀ ní awẹ́ méjì. Ó dáa, obì àbàtà tó ní mẹ́rin ńkọ́? Wo ewé rẹ̀: iṣan rẹ̀ ta bí àwọ̀n, kò tò gbọọrọ bíi ti ewé àgbàdo. Dicotyledon náà ni. Bẹ́ẹ̀ lo ṣe máa mọ̀ pé àmì kan ṣoṣo kọ́ ni a fi ń pín ẹ̀dá sí ẹbí. Cola nitida ni gbànja, Cola acuminata ni àbàtà. O kò ní gbàgbé orúkọ méjèèjì mọ́, torí o ti fi ẹnu tọ́ wọn wò.

Tàbí gàrí. Tí ẹ bá dé orí ẹ́ńsáìmù, ìyẹn àwọn nǹkan inú sẹ́ẹ̀lì tó ń mú kí iṣẹ́ kẹ́mísírì yá, má bẹ̀rẹ̀ láti inú ìwé, lọ dúró ti ẹni tó ń rin pákí. Inú pákí ni nǹkan kan wà tí wọ́n ń pè ní linamarin, inú vacuole, àpò omi inú sẹ́ẹ̀lì, ló ń gbé. Ẹ́ńsáìmù tó ń fọ́ ọ, linamarase, ara ògiri sẹ́ẹ̀lì ló wà. Níwọ̀n ìgbà tí pákí bá wà lódindi, wọn kì í pàdé. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá rin ín, ògiri wó, wọ́n pàdé, májèlé cyanide sì jáde. Púpọ̀ nínú rẹ̀ bá omi lọ nígbà tí wọ́n bá fún un nínú àpò, iná àgbàdà sì lé púpọ̀ nínú ìyókù. Ọjọ́ mélòó kan tí gàrí Ìjẹ̀bú fi ń wà nínú àpò kí wọ́n tó yan án, àwọn bakitéríà ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, ásíìdì tí wọ́n ń ṣe ló mú un kan. Ẹ̀yà sẹ́ẹ̀lì, ẹ́ńsáìmù, kẹ́mísírì, bakitéríà: kọ́ọ̀sì mẹ́rin wà nínú abọ́ gàrí kan.

Nípa kíkà mọ́jú, dáwọ́ rẹ̀ dúró. Tí o bá ka handout lẹ́ẹ̀mẹ́ta, yóò jọ lójú rẹ pé o mọ̀ ọ́n, nítorí pé o ti dá ojú rẹ̀ mọ̀. Dídá ojú mọ̀ kò tó fún ìdánwò. Ka ojú ewé méjì, pa á dé, mú ìwé òfìfo, kọ gbogbo ohun tí o rántí, kí o yà á pẹ̀lú. Wá ṣí i, kí o fi bírò mìíràn kọ ohun tó sá fún ọ. Ọjọ́ kejì, ohun tó sá nìkan ni kí o tún kọ, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, tún un ṣe. Ó máa ń nira, yóò sì dà bíi pé o kò mọ nǹkan. Níbi ìnira yẹn gan-an ló ti ń wọlé. Kí o sì sùn.

Má fi kẹ́mísírì ṣeré. Òun ló ń fún ọ̀pọ̀ ọmọ báyọ́lọ́jì ní carry-over, kọ́ọ̀sì tí wọ́n fèlì tí wọ́n gbọ́dọ̀ tún ṣe. Ṣírò rẹ̀ wò: ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa, A jẹ́ 5, B jẹ́ 4, D jẹ́ 2, a ó sì fi yúnìtì sọ ọ́ di púpọ̀. Tí kẹ́mísírì bá jẹ́ yúnìtì 3, láti D sí B, 6 lo fi kún un. A nínú práktíkà oní-yúnìtì 1, 5 péré ni. Ẹni tó bá fẹ́ first class, 4.50 nínú 5.00 ló ń lé, láti ọdún kìíní ni kíkà rẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀.

Yíyí kọ́ọ̀sì padà: tí ó bá jẹ́ pé ìṣègùn ló wà lọ́kàn rẹ, àyè ibẹ̀ kéré púpọ̀, kò sì sí ẹni tó lè fi 13 nínú 40 bọ́ sí i. Tí ó bá jẹ́ ìbẹ̀rù ni, dúró di ìparí sẹ̀mẹ́sítà. Ọdún mẹ́rin ni kọ́ọ̀sì yìí. Tí o bá dé ìgbà SIWES, oṣù mẹ́fà ni wọn yóò fi rán ọ jáde lọ síbi iṣẹ́. Ní Ìbàdàn, ilé ìwádìí tó ń rí sí kòkó ló ń rí sí obì náà. Ìwọ ọmọ Rẹ́mọ, wo ibẹ̀ dáadáa. Ìlú rẹ náà sì ni Tai Solarin dá ilé-ìwé Mayflower sílẹ̀ sí ní 1956, tó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ máa fọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́, kó máa dáko.

Fún práktíkà ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, mú pẹ́ńsù HB méjì tí o ti gbẹ́, rọ́bà àti rúlà. Dé kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Kí o tó kọ orúkọ kankan sára àwòrán rẹ, padà fojú sí awò lẹ́ẹ̀kan sí i, kí o sì bi ara rẹ bóyá o rí i lóòótọ́.