Ṣé gbogbo ẹyọ owó àtijọ́ ló yẹ kó gba gíréèdì?

Rárá, ẹ má kó gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́. Ìbéèrè yín ni bóyá gbogbo ẹyọ owó àtijọ́ ọwọ́ yín ló yẹ kó lọ sọ́dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ bíi PCGS tàbí NGC, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n fún un ní gíréèdì (nọ́ńbà tó ń sọ bí ara rẹ̀ ṣe dára tó), kí wọ́n sì sé e mọ́nú ike. Ẹ kọ́kọ́ ṣírò ọ̀kọ̀ọ̀kan ná.

Bí ẹ bá rò pé 65 ló máa gbà, iye tí wọ́n ń ta 64 ní gbàǹjo ni kí ẹ fi ṣírò, kì í ṣe iye tí ẹni tó ń tà á kàn kọ sí i lára. Ẹ yọ owó gíréèdì, owó ìfiránṣẹ́ àlọ àti àbọ̀, àti owó adójútòfò kúrò níbẹ̀. Bí èyí tó kù kò bá ju iye tí ẹ lè tà á láìní gíréèdì, ẹ dá a padà sínú álíbọ́ọ̀mù.

Ojú èèyàn ló ń fún owó ní gíréèdì, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí 64. Òṣùwọ̀n Sheldon tí wọ́n fi ń fún un ní nọ́ńbà, tó ti wà láti 1949, bẹ̀rẹ̀ láti 1 dé 70. Owó tí wọn ò tíì ná rí wà láàárín 60 sí 70. Àpá kékeré bíi mélòó kan lẹ́rẹ̀kẹ́ àwòrán orí owó lè jẹ́ gbogbo ohun tó ya 64 sọ́tọ̀ sí 65, síbẹ̀ kí iye rẹ̀ fò sókè. Owó kan náà lè lọ lẹ́ẹ̀mejì kó gba nọ́ńbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn kan máa ń fọ́ ike náà, wọ́n á tún fi owó ọ̀hún ránṣẹ́. Bí wọn ò bá dá lébẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́ padà, ẹyọ kan á di méjì nínú àkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́. Nítorí náà, ẹ má gba iye ẹyọ tó wà nínú àkọsílẹ̀ náà gbọ́ tán.

Owó tí wọ́n ti fọ̀ tàbí bó ló ń jáni kulẹ̀ jù. “Details” ni wọ́n máa kọ sí i, láìsí nọ́ńbà, wọn ò sì ní dá owó gíréèdì tí ẹ san padà. Ẹ yí i díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ iná kan ṣoṣo, kí ẹ fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po márùn-ún wò ó. Bí ẹ bá rí ìlà tín-ín-rín tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ sọ́nà kan náà, wọ́n ti nù ún. Dídán owó tuntun máa ń yí ká bí ẹ ṣe ń yí i. Ti èyí tí wọ́n bó kì í yí.

Ojúlówó àǹfààní gíréèdì, lójú tèmi, ni mímọ̀ pé owó kì í ṣe ayédèrú. Fún dọ́là Morgan 1893-S (dọ́là fàdákà Amẹ́ríkà), tàbí dáìmù 1916-D (owó sẹ́ǹtì mẹ́wàá Amẹ́ríkà) tí àwọn oníjìbìtì máa ń lẹ lẹ́tà D, àmì ibi tí wọ́n ti rọ ọ́, mọ́, mi ò ní rà á láìsí i. Ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣe ayédèrú ike pẹ̀lú. Ẹ yẹ nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó wà lára ike náà wò lórí ìkànnì ilé-iṣẹ́ náà, kí ẹ sì fi àwòrán ibẹ̀ wé owó tó wà níwájú yín, torí pé oníjìbìtì lè da nọ́ńbà gidi kọ.

Owó òde òní tó gba 70? Ẹ ṣọ́ra. Bí àwọn èèyàn ṣe ń fi púpọ̀ sí i ránṣẹ́ ni iye rẹ̀ ń wálẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ń di àwọn owó náà láti fi ránṣẹ́, ẹyọ kan nínú àpò Mylar (ike tó mọ́ gaara) kan. Ẹ má lo PVC rírọ̀, irú ike mìíràn, ó máa ń fi nǹkan aláwọ̀ ewé tó ń lẹ̀ sára owó. Ike tí wọ́n sé e mọ́ náà ṣì ń gba afẹ́fẹ́ díẹ̀: fàdákà á ṣì dúdú, bàbà pupa á ṣì di ràkọ̀ràkọ̀. Ibi gbígbẹ ni kí ẹ kó o sí, pẹ̀lú silica gel, èyí tó ń fa ọ̀rinrin.