Ṣé lóòótọ́ ni Nàìjíríà àti Brazil jọ lẹ̀ mọ́ra rí?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi tó wà ní JSS 2 dé láti ilé ìwé, ó ní tísà àwọn sọ pé ilẹ̀ wa yìí àti ti Brazil ló lẹ̀ mọ́ra tẹ́lẹ̀. Mo ní irọ́ ni, ta ló wá da òkun sáàárín? Ẹ jọ̀ọ́, ta ló jàre? Ìyá Bọ́lá, Òṣogbo.

ÌDÁHÙN: Ìyá Bọ́lá, ọmọ yín ló jàre o. Ẹ mú obì àbàtà kan kí ẹ pa á, tí ẹ bá tún da àwọn awẹ́ yẹn pọ̀, wọ́n á wọnú ara wọn pé. Ẹ wá wo máàpù: ibi tí etí òkun ti tẹ̀ wọlé láti Èkó títí dé Kamẹrúùn, ibẹ̀ gan-an ni ibi tí Brazil ti yọrí síta lọ́hùn-ún, lápá Recife, máa bọ́ sí.

Ilẹ̀ tí à ń tẹ̀ yìí kì í ṣe odindi, awẹ́ awẹ́ ló wà, àwọn onímọ̀ ń pè é ní plate, àpáta abẹ́ wọn sì gbóná débi pé, bí ò tilẹ̀ yọ́, ó ń sún díẹ̀díẹ̀, àwọn awẹ́ òkè náà ò sì dúró lójú kan. Ó ti lé ní mílíọ̀nù 100 ọdún tí tiwa ti ya kúrò lára Brazil tí òkun wọ àárín. Ó ṣì ń fẹ̀ títí dòní o! Nísàlẹ̀ òkun lọ́hùn-ún ilẹ̀ là gbọọrọ, àpáta yíyọ́ ń tú jáde níbẹ̀, tó bá tutù á di ilẹ̀ tuntun. Bíi sẹ̀ǹtímítà 3 lọ́dún ni, bí èékánná ṣe ń gùn náà nìyẹn, ẹni tó bá pé 70 ọdún lónìí, Brazil ti fi bíi mítà 2 jìnnà sí i ju ọjọ́ tí wọ́n bí i lọ.

Ẹ má jẹ́ kó dùn yín pé ẹ ò gbà á gbọ́. Alfred Wegener, ọmọ Jámánì, sọ ọ́ ní 1912, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ò gbà fún un, ó sì kú ní 1930 láìrí ọjọ́ tí wọ́n gbà. Bẹ́ẹ̀ egungun ẹranko kan tó ń jẹ́ Mesosaurus wà nínú àpáta Brazil, ó wà ní South Africa, ẹranko kékeré tí ò lè lúwẹ̀ẹ́ la irú òkun yẹn já láéláé.

Èyí tó máa ń wú mi lórí jù wà nílé wa níbí. Ọ̀nà tí odò Benue ń gbà, ibẹ̀ náà fẹ́ ya nígbà yẹn, òkun ti wọ ibẹ̀ pàápàá, ló bá dúró, kò ya tán. Títí dòní wọ́n ṣì ń rí ìkarahun ẹran inú òkun nínú àpáta ibẹ̀, láàárín ilẹ̀ gbígbẹ.