Kí ni ọ̀gá ń sọ nígbà tó ní "má mú àlejò wọ ìyẹ̀wù"?

Ọmọṣẹ́ kan ní Òṣogbo ló béèrè. Ó fẹ́ kọ dráífà (ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀) sínú kernel Linux, ìyẹn ọkàn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, fún ẹ̀rọ orin kékeré tí à ń fi sápò, ni ọ̀gá rẹ̀ ní Òkè-Fìà bá ní, "Má mú àlejò wọ ìyẹ̀wù, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni kí o ti gbà á." Ó ní ṣé ọ̀gá bú iṣẹ́ òun ni?

Kò bú u o. Nínú agbo ilé àtijọ́, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni abẹ́ òrùlé tó wà níwájú àwọn yàrá. Ibẹ̀ la ti ń tẹ́ ẹní fún àlejò, tí a ti ń bu omi fún un. Ìyẹ̀wù ni yàrá inú lọ́hùn-ún, tí baálé ń kó ohun ìní rẹ̀ sí. Àlejò tó jẹun yó lọ́dẹ̀dẹ̀ kì í sọ pé wọ́n fojú tín-ínrín òun. Ẹ wo ọdún Ọ̀ṣun náà: Arugbá a gbé igbá wọ ojúbọ, ọ̀pọ̀ èrò a dúró létí odò, ọdún a sì dùn mọ́ wọn.

Kernel ni ìyẹ̀wù kọ̀ǹpútà. Àṣìṣe kan péré níbẹ̀ lè dá gbogbo ẹ̀rọ kú. Userspace, ibi tí àwọn ètò tí à ń lò lójoojúmọ́ ti ń ṣiṣẹ́, ni ọ̀dẹ̀dẹ̀: bí ètò kan bá kú síbẹ̀, òun nìkan ló kú, ẹ ó tún un pè dìde.

Ẹ̀rọ orin Rio 500 ni mo fẹ́ràn láti fi ṣàpẹẹrẹ. Ó ní dráífà tirẹ̀ nínú kernel, àmọ́ láti nǹkan bí ọdún 2001 ni àwọn tó ní in ti ń bá a sọ̀rọ̀ láti userspace, nípasẹ̀ libusb, àkójọ kóòdù tó ń jẹ́ kí ètò lásán bá ẹ̀rọ USB sọ̀rọ̀. Dráífà yẹn jókòó sí ìyẹ̀wù láìríṣẹ́ ṣe títí wọ́n fi yọ ọ́ lọ́dún 2019.

Flash drive tí à ń kó fáìlì sí yàtọ̀ ní tirẹ̀. Ó ń pe ara rẹ̀ ní dísìkì, kernel ló sì ń bójú tó dísìkì, nítorí náà usb-storage, dráífà rẹ̀, wà nínú ibẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́. Fóònù Android tó ń lo MTP, ìlànà kan fún gbígbé fáìlì, kì í fi dísìkì rẹ̀ lé kọ̀ǹpútà lọ́wọ́; fáìlì tí a bá béèrè ló ń gbé jáde. Libmtp, àkójọ kóòdù fún MTP, ń ṣe ìyẹn láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ láìsí wàhálà.

Ọ̀gá yín tọ̀nà. Ẹ fi libusb bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì kọ òfin kan fún udev, ètò tó ń bójú tó ẹ̀rọ tí a bá so mọ́ Linux, kí ẹni tí kì í ṣe root, aláṣẹ gbogbo lórí kọ̀ǹpútà, náà lè fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà.