Mo fẹ́ máa ránṣọ fún oníbàárà nínú ilé mi: ṣé òfin ìlò ilẹ̀ gbà á?

Ìbéèrè: Mo fẹ́ sọ yàrá kan nílé mi di ibi ìránṣọ, kí n sì gba òṣìṣẹ́ kan. Mo ti forúkọ òwò náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Ṣé ó tún ku ìwé àṣẹ mìíràn?

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe kó kù. Ìforúkọsílẹ̀ ń fi hàn pé òwò wà àti ẹni tó ni ín. Kò sọ ibi tí ẹ ti lè ṣe é. Ọ́fíìsì ètò ìlú ló ń rí sí ìyẹn.

Ẹ kọ́kọ́ wo máàpù ìlò ilẹ̀ àdúgbò yín, kí ẹ mọ̀ bóyá ibùgbé nìkan ni wọ́n ya ilẹ̀ náà sọ́tọ̀ fún, àbí ibùgbé pẹ̀lú òwò. Lẹ́yìn náà, ẹ ka apá tó sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tí à ń ṣe nínú ilé. Tí ẹ kò bá rí ìránṣọ níbẹ̀, ẹ má tíì rò pé ó ti bọ́. Ọ̀pọ̀ òfin kì í dárúkọ iṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tó kàn wọ́n ni bóyá ẹni tó ń kọjá lójú títì á mọ̀ pé òwò ń lọ nínú ilé: ariwo ẹ̀rọ, ọkọ̀ akẹ́rù, oníbàárà tó ń wọlé jáde, pátákó lẹ́nu ọ̀nà.

Òṣìṣẹ́ yẹn ló ń kọ mí lóminú ju ẹ̀rọ ìránṣọ lọ. Ibi púpọ̀ ni kì í gbà kí ẹni tí kò gbé inú ilé wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àwọn mìíràn gba ẹnì kan péré, tí ẹ bá ní ibi tí á gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí. Ẹ béèrè èyí kí ẹ tó ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni.

Ìwọ̀n àyè náà máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Ká ní òfin yín gbà kí òwò lo ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún àyè ilé, tí ilé yín sì jẹ́ 100 mítà onígun mẹ́rin. Yàrá tó fẹ̀ ní mítà 4, tó sì gùn ní mítà 5, jẹ́ 20, ó wọlé. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá tún to ìgàn aṣọ sí yàrá mìíràn tó jẹ́ 9, ó ti di 29. Ibi ìkẹ́rùsí sábà máa ń wà lára ìṣirò, èyí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbàgbé.

Ẹ kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì náà, kí ìdáhùn sì wà lórí ìwé, torí ọ̀rọ̀ ẹnu òṣìṣẹ́ ìjọba kì í gbeni lọ́jọ́ tí aládùúgbò bá fẹjọ́ sùn. Ẹ kọ àdírẹ́sì, iye ẹ̀rọ, wákàtí iṣẹ́, iye oníbàárà lójúmọ́ àti iye ìgbà tí ẹrù ń wọlé. Tí wọ́n bá ní ẹ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ pàtàkì, ẹ ya àwòrán ilé, kí ẹ fi yàrá náà hàn. Wọ́n lè sọ fún àwọn aládùúgbò kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, nítorí náà ó dáa kí ẹ ti bá wọn sọ̀rọ̀ ṣáájú.

Tí ẹ bá jẹ́ ayálégbé, tàbí tí ilé yín wà nínú ẹ́sítéètì tó ní òfin tirẹ̀, àṣẹ ìjọba kò pa ìwé àdéhùn yẹn rẹ́. Onílé ṣì lè kọ̀. Ẹ sọ fún ilé iṣẹ́ adójútòfò pẹ̀lú: tí iná bá jó ẹ̀rọ àti aṣọ oníbàárà, ìwé adójútòfò ilé lásán lè má san án.