Ẹ Bi Wá, Ẹ Gbọ́ Ọ: Ta Ló Ń Gba Owó Bodè?

Ọ̀pọ̀ ìbéèrè ló wọlé lóṣù yìí lórí bí Òyìnbó ṣe gba àwọn ìlú etí ọ̀sà. Mẹ́rin la mú nínú wọn.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Ilé ìwé kọ́ wa pé òwò ẹrú ni Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ fòpin sí tó fi gba Èkó. Àwọn àgbà wa níhìn-ín ní ọ̀rọ̀ owó ni. Ta ni ká gbà gbọ́? (Ònkàwé, Ẹ̀pẹ́)

Ìdáhùn: Ilé ìwé yín ò purọ́, ṣùgbọ́n àwọn àgbà yín ló sún mọ́ ọn jù. Ní oṣù Kejìlá 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yin àgbá sí Èkó, wọ́n lé Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè, wọ́n sì dá Akíntóyè padà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1852, Akíntóyè tọwọ́ bọ̀wé pé òwò ẹrú ti parí l'Ékòó. Títí débẹ̀, ohun tí wọ́n kọ́ yín ṣì dúró.

Ẹ̀pẹ́ tiyín ni Kòsọ́kọ́ tẹ̀dó sí. Nígbà tó di ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án 1854, Benjamin Campbell, kọ́ńsù tó ń ṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì l'Ékòó, bá a ṣe àdéhùn níbẹ̀, Kòsọ́kọ́ kan náà tí wọ́n ní nítorí òwò ẹrú làwọn ṣe lé jáde. Kòsọ́kọ́ ní òun ò du oyè Èkó mọ́, òun á sì jáwọ́ nínú òwò ẹrú. Gẹ̀ẹ́sì gbà pé kó máa fi Palma, ìlú etí òkun kan nítòsí Lẹ́kí, ṣe èbúté òwò rẹ̀, kó sì máa gba ẹgbàá owó ẹyọ lọ́nà 2,000, tàbí dọ́là 1,000, lọ́dọọdún títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ẹgbàá mẹ́wàá ló ń jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, nítorí náà ọ̀kẹ́ 200 nìyẹn. Epo pupa ló mú ọ̀rọ̀ wá síbẹ̀. Àwọn tó ń se ọṣẹ, tó ń ṣe àbẹ́là, tó ń fi òróró sí ẹ̀rọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń wá a lójú méjèèjì, ẹni tó bá sì di ọ̀nà omi mú ló di epo mú.

Ìwé tó gba Èkó fúnra rẹ̀ dé ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ 1861, nígbà tí ọkọ̀ ogun Prometheus ti dúró sórí ọ̀sà. Bí ẹ bá ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe dúró nídìí ọ̀rọ̀ dídùn tó wà lókè rẹ̀. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti dárúkọ owó, ẹ wá ẹni tó ń dájọ́, kẹ́ ẹ sì wo ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ọba. Nínú ìwé tí Dòsùnmú, ọmọ Akíntóyè tó wà lórí oyè nígbà náà, tọwọ́ bọ̀, orúkọ oyè ṣẹ́kù fún un, ó sì lè parí ìjà láàárín ọmọ ìlú bí àwọn oníjà bá gbà. Ilẹ̀ àti gbogbo èrè tó ń ti èbúté wọlé bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀kẹ́ 1,200 lọ́dọọdún ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, ìyẹn owó ẹyọ mílíọ̀nù 24, nǹkan bí £1,030 nígbà náà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ìwé ìtàn kì í tẹ̀ lé dé nìyí: bí kọ́sítọ́ọ̀mù bá ti jókòó l'Ékòó, oníṣòwò á gbé ẹrù gba ibòmíràn, kó má baà sanwó. Palma, Lẹ́kí àti Àgbádárìgì wà níbẹ̀ tí kò sí Gẹ̀ẹ́sì lójú wọn. Lọ́dún 1863, Gẹ̀ẹ́sì gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Owó bodè ìlú kan ló sọ gbígba ìlú kejì di dandan.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, ṣé lóòótọ́ ni pé ìpàdé Berlin ló pín àwa àti àwọn ìbátan wa tó wà l'Ájàṣẹ́ (Porto-Novo)? Egun kan náà la jọ ń sọ, Faransé ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ tiwọn. (Ìyá kan, Àgbádárìgì)

Ìdáhùn: Rárá, ìyá wa. Ẹ̀sùn púpọ̀ la ti gbé ka Berlin lórí tí kì í ṣe tirẹ̀. Ìpàdé náà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù Kọkànlá 1884, ó parí ní ọjọ́ 26 oṣù Kejì 1885, kò sì sí ọba Áfíríkà kan ṣoṣo níbẹ̀. Òfin ni wọ́n ṣe: ẹni tó bá gba ilẹ̀ etí òkun tuntun gbọ́dọ̀ kéde rẹ̀ fún àwọn yòókù, kó sì fi hàn pé àṣẹ òun múlẹ̀ níbẹ̀. Òfin yẹn dá ìkánjú sílẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ò fa ààlà yín.

Àdéhùn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ti ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ 1889 ló fà á. Faransé ti wà l'Ájàṣẹ́ ṣáájú, Gẹ̀ẹ́sì sì di Àgbádárìgì mú. Wọ́n fi omi Àjárá ṣe àmì, wọ́n sì fa ìlà láti ibẹ̀ lọ sókè. Wọn ò bi ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ láàárín Àgbádárìgì àti Àjàṣẹ́ tẹ́lẹ̀, òwò lásán ló ń ṣe. Lẹ́yìn ìlà náà, ẹrù kan náà di fàyàwọ́. Owó di oríṣi méjì, èdè ìjọba di méjì, oníbodè náà di méjì.

Ìbéèrè: Ṣé ìfẹ́ ló mú Gẹ̀ẹ́sì gba Ìkòròdú sílẹ̀ lọ́wọ́ Ẹ̀gbá ní 1865? (Akẹ́kọ̀ọ́, Ìkòròdú)

Ìdáhùn: Ọ̀nà Ìbàdàn ni. Ẹ̀gbá di ọ̀nà tiwọn, Ìjẹ̀bú di tiwọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba owó bodè, wọn ò sì fẹ́ kí ìbọn àti ẹ̀tù dé Ìbàdàn. Ìkòròdú nìkan ni ẹrù Èkó lè gbà kọjá. Ìdí nìyẹn tí Ẹ̀gbá fi dó tì í, ìdí náà sì nìyẹn tí Glover, aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì l'Ékòó, fi rán sójà sí wọn ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta 1865, pẹ̀lú rọ́kẹ́ẹ̀tì tí Ẹ̀gbá ò tíì bá pàdé rí lójú ogun. Ẹ̀gbá tú ká. Lọ́dún 1867, wọ́n lé àwọn míṣọ́nnárì kúrò l'Ábẹ́òkúta.

Ìjẹ̀bú ṣì kù. Ní oṣù Kìíní 1892, Gómìnà Carter fi £500 lọ́dọọdún bá wọn ṣe pàṣípààrọ̀ owó bodè. Nígbà tó ní wọ́n da àdéhùn, sójà gúnlẹ̀ s'Ẹ́pẹ̀ẹ́, wọ́n sì gba ibẹ̀ wọ Ìjẹ̀bú. Ìjẹ̀bú kò ṣaláìní ìbọn, wọ́n sì gbèjà odò Yẹmọjí gidigidi, ṣùgbọ́n Maxim, ìbọn arọ̀jò ọta, wà lọ́wọ́ àwọn tó ń bọ̀. Ogun Ìmàgbọ̀n parí ní ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún.

Tí ẹ bá ń kọ̀wé fún ìdánwò, ẹ má gbàgbé ohun tó tẹ̀ lé e. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ rélùwéè láti Ebute Metta ní 1896, ó dé Ìbàdàn, wọ́n sì ṣí i ní 1901. Ó gba Abẹ́òkúta, kò gba Ìkòròdú. Ọ̀nà tí wọ́n jà nítorí rẹ̀ wá dá, ọjà Èjìnrìn tó wà létí ọ̀sà náà sì rọ̀.

Ìbéèrè: Níbo la ti lè fojú ara wa rí àwọn ìwé yìí? (Ònkàwé, Ìkòròdú)

Ìdáhùn: Ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba àpapọ̀ tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹ béèrè fún CSO (ọ́fíìsì akọ̀wé àgbà ìjọba amúnisìn) fún ìwé ìjọba àárín, Badadiv fún Àgbádárìgì, Epediv fún Ẹ̀pẹ́. Ẹ kọ́kọ́ wá orúkọ fáìlì nínú ìwé atọ́ka kẹ́ ẹ tó béèrè. Ẹ mú lẹ́ẹ̀dì dání, má mú bírò: ìwé tó ti gbó, bí yíǹkì bá kán sí i, ó bàjẹ́ nìyẹn.