Ṣé oboe lè bọ́ ọmọ mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọkùnrin mi, Délé, ọmọ ọdún 17, ń fọn klarinẹ́ẹ̀tì nínú fáńfà ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Kétu. Ó rí fèrè kan tí wọ́n ń pè ní oboe lórí fóònù, ó ní òun fẹ́ di olùkọ́ rẹ̀ ní yunifásítì, kí òun sì máa fọn ọ́n lóde. Bàbá rẹ̀ fẹ́ ta ilẹ̀ kan láti fi ra fèrè náà. Ṣé iṣẹ́ tó ń bọ́ èèyàn nìyẹn? Ìyá Délé.

Ìdáhùn: Ìyá Délé, ẹ bá mi kí Bàbá Délé, ẹ ní kí wọ́n má tíì ta ilẹ̀ kankan. Oboe onígi tuntun tí akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ń fọn máa ń ju mílíọ̀nù 4 sẹ́fà lọ, igi rẹ̀ sì lè là tí ọyẹ́ bá dé.

Iṣẹ́ náà wà, ó sì ń bọ́ èèyàn, àmọ́ ojú kan kọ́ lowó rẹ̀ ti ń wá. Yunifásítì kan kì í sábà ní ju olùkọ́ oboe ẹyọ kan lọ. Bí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kò bá pọ̀, wọ́n á ní kó fi sọ́fẹ́ẹ̀jì (kíka àmì orin) tàbí ìtàn orin kún un, tàbí kí wọ́n gbà á bíi vacataire, kí wọ́n máa ka wákàtí sanwó fún un. Ìyókù wà lọ́wọ́ ọ́kẹ́sítírà, ìyẹn ẹgbẹ́ olórin ńlá. Ibẹ̀ náà kì í sábà gbà ju èèyàn méjì sí mẹ́rin lọ, ẹni tó bá sì ti jókòó kì í tètè dìde. Marcel Tabuteau, ọmọ Faransé tó ń fọn oboe, wà nínú ọ́kẹ́sítírà Philadelphia ní Amẹ́ríkà láti 1915 di 1954, ó tún ń kọ́ni ní Curtis Institute, ilé ẹ̀kọ́ orin kan nílùú kan náà. Ẹ wo iye ọdún tí àwọn míì fi ń wo àga yẹn!

Ohun tí Délé kò rí lórí fóònù ni ọ̀bẹ. Àwa tí à ń fọn oboe la sábà máa ń ṣe ahọ́n fèrè wa, ibi tí à ń fi ẹnu fọn, fúnra wa. Ifefe kan wà tí wọ́n ń gbìn ní Var, ní gúúsù ilẹ̀ Faransé. A ó là á, a ó rẹ ẹ́ sómi, a ó fá inú rẹ̀ títí yóò fi kù nǹkan bíi mìlímítà 0.6. A ó ṣẹ́ ẹ po sí méjì, a ó fi òwú dè é mọ́ páìpù kékeré tí kọ́ọ̀kì wà nídìí rẹ̀, ká tó wá máa họ ẹnu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ọ̀bẹ bá fi díẹ̀ wọlé jù, ó ti bàjẹ́ nìyẹn, ká mú òmíì. Èyí tó dáa jù pàápàá kì í ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ. Ẹni tí kò bá ní sùúrù fún un, kó yáa dúró ti klarinẹ́ẹ̀tì. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ní ti ìwé, Faransé tó gbọ́ á ràn án lọ́wọ́: konsafatóà (ilé ẹ̀kọ́ orin) agbègbè kan ní ilẹ̀ Faransé, lẹ́yìn náà ìdánwò àtiwọ konsafatóà ńlá ti Paris tàbí Lyon. Diplôme d'État, ìwé ẹ̀rí ìjọba, ni wọ́n fi ń kọ́ni ní konsafatóà wọn. Yunifásítì Amẹ́ríkà sábà máa ń béèrè oyè dókítà. Kí wọ́n tó gba olùkọ́, wọ́n á ní kó fọn fèrè ní gbangba, kó sì kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan lójú wọn. Ibi ìkọ́ni yẹn ni afọnfèrè tó mọṣẹ́ máa ń há sí.

Nísinsìnyí, kó mú sọ́fẹ́ẹ̀jì le, kó sì fọwọ́ ba dùùrù. Tí ẹ bá ráyè, ẹ gba Pọbẹ̀ àti Àjàṣẹ́ lọ sí Èkó, kí ẹ béèrè ní ilé ẹ̀kọ́ orin MUSON, Oníkan, bóyá ẹni tó lè kọ́ ọ wà. Bí ẹ bá máa rà, àlòkù oníke ni kí ẹ rà, ìyẹn kì í là lọ́yẹ́. Kí ẹni tó mọ̀ ọ́n fọn gbé e sẹ́nu kí ẹ tó sanwó. Bí ìdérí ihò rẹ̀ bá ń jò, owó àtúnṣe lè ju owó tí ẹ rà á lọ.