Ibi tí owó òkúta ń gbà kọjá kí ó tó dé ìjọba ìbílẹ̀

Ẹ béèrè pé nínú owó tí ìjọba ń gbà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó ń fọ́ òkúta ní ìlú yín, ìdá mélòó ló yẹ kó padà sí ìjọba ìbílẹ̀ yín. Odidi ọdún mẹ́ta ni mo fi béèrè ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí mo jẹ́ akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìlú wa, kò sì sí òṣìṣẹ́ ìjọba tó là á yé mi.

Òfin kò so ìdá kankan mọ́ ìjọba ìbílẹ̀ tí òkúta wà. Ìkáwọ́ ìjọba àpapọ̀ ni ìwé òfin ọdún 1999 fi gbogbo ohun àlùmọ́ọ́nì sí, nítorí náà inú àpò àpapọ̀ orílẹ̀-èdè ni owó róyátì, ìyẹn owó tí ilé-iṣẹ́ ń san fún ìjọba lórí ohun tó bá wà jáde, ń wọ̀. Abala 162 ní kí wọ́n kọ́kọ́ yọ ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún, ó kéré tán, fún ibi tí ohun náà ti jáde, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ ni wọ́n ń san án fún. Nínú èyí tó bá kù, ìdá 20.60 nínú ọgọ́rùn-ún ni ti gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ lápapọ̀.

Àwa kò mọ èyí. Alága ìjọba ìbílẹ̀ la kọ́kọ́ tọ̀ lọ, a sì ti gbà lọ́kàn pé òun ló ń jẹ owó wa. Wọ́n ní ká padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀sẹ̀ náà sì di oṣù mẹ́jọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní fáìlì wa ti wà ní olú-ìlú ìpínlẹ̀. Nígbà tí a dé ọ̀hún, wọ́n ní ká lọ gba lẹ́tà wá láti ìjọba ìbílẹ̀ tí a ti kúrò. Bàbá tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ wa, tó ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún, jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn, ẹnikẹ́ni kò dá a lóhùn. Lọ́yà tí a gbà kọ ìwé gígùn, ó gba owó rẹ̀, kò sì sọ fún wa pé ohun tí à ń wá kò sí níbi tí a ti ń wá a. Òṣìṣẹ́ kan tó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì ló ṣàánú wa, tó ṣàlàyé pé ìdọ́gba, iye ènìyàn, bí ilẹ̀ ṣe fẹ̀ tó àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń pín owó láàárín àwọn ìjọba ìbílẹ̀. Òkúta kò sí níbẹ̀. Èyí tí kò ní òkúta kankan lè gbà ju tiwa lọ.

Ìdájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa dé ọwọ́ wọn tààrà, dára púpọ̀, ṣùgbọ́n kò fi kọ́bọ̀ kan kún un nítorí òkúta. Bí ẹ bá fẹ́ nínú ìdá 13 náà, àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ yín ni kí ẹ dojú kọ. Òfin ni ìpínlẹ̀ Oǹdó fi ya ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún owó yìí sọ́tọ̀ fún OSOPADEC, àjọ ìpínlẹ̀ náà tó ń mójútó ìdàgbàsókè ibi tí epo ti ń jáde, nítorí àwọn agbègbè elépo ní Ìlàjẹ àti Ẹsẹ̀-Odò.

Ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ máa fi tipá dá ọkọ̀ òkúta dúró gba owó. Oṣù méjì péré ni tiwa fi ṣe é tí ọlọ́pàá fi kó ọmọ mẹ́fà, owó tí a ti dá jọ fún ìrìn-àjò Àbújá la sì fi gba béèlì wọn.

Ohun tí òfin so mọ́ ìlú fúnra rẹ̀ ni àdéhùn ìdàgbàsókè, ìyẹn ìwé tí ilé-iṣẹ́ fi ṣèlérí ohun tí yóò ṣe fún ìlú. Abala 116 òfin ìwakùsà ọdún 2007 ní kí ilé-iṣẹ́ bá ìlú tó gbà á lálejò ṣe é kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì máa tún un yẹ̀ wò ní ọdún márùn-ún márùn-ún. Ẹ fi òfin òmìnira ìròyìn ọdún 2011 kọ̀wé béèrè ẹ̀dà tiyín lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójútó ohun àlùmọ́ọ́nì; ọjọ́ méje ni òfin fún wọn láti dáhùn. Nígbà tí a rí tiwa, ènìyàn mẹ́ta ti fọwọ́ sí i ní orúkọ ìlú láìsọ fún ẹnikẹ́ni, kànga ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló sì wà nínú rẹ̀.